Àyà tó ń já: ìgbésẹ̀ tí ẹ lè gbé láti mú ọkàn balẹ̀ níbikíbi tí ẹ bá wà

Àníyàn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí ni èyí tó ń bá wa jí láàárọ̀, tó ń bá wa wọ ọkọ̀, tó tún ń dúró dè wá lórí ibùsùn lálẹ́. Owó ilé ku ọ̀sẹ̀ méjì kó pé. Ọ̀gá ní ká wá rí òun, kò sì sọ ohun tó fẹ́. Ọmọ yẹ kó ti dé láti ilé-ìwé, fóònù rẹ̀ ò lọ. Ilé ìwòsàn ní ká wá gba èsì àyẹ̀wò ní Ọjọ́bọ̀. Àyà á bẹ̀rẹ̀ sí í já, ọwọ́ á máa gbọ̀n, inú á máa run, ọkàn á ti sáré lọ síbi ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀, á wá ku ara nìkan níbi tí a jókòó sí.

Ọ̀nà wà tí a lè gbà pe ọkàn yẹn padà. Kò gba owó, kò gba oògùn, kò sì gba pé kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ẹ ń ṣe é. Àwọn tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ àti ìrònú ń pè é ní grounding: a ó lo ẹsẹ̀, èémí, ojú, etí àti ọwọ́ láti fi mú ara wa padà síbi tí a wà. Mo fẹ́ tẹnu mọ́ ohun kan kí n tó bẹ̀rẹ̀, torí òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì mú: ọ̀nà yìí kì í lé àníyàn lọ. Kò lè san owó ilé. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dá ọwọ́ àti làákàyè yín padà fún yín, kí ẹ lè ṣe ohun tó kàn. Ẹni tó bá ń fi bá ẹ̀rù jìjàkadì á rí i pé ṣe ni ẹ̀rù náà ń le sí i. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Bí ọ̀rọ̀ àyà jíjá ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara

Tí ọpọlọ bá ti rò pé ewu dé, ẹ̀yà ara kéékèèké méjì tó jókòó lé kíndìnrín lórí á tú adirẹnálínì, èròjà tó ń ta ara jí, sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn inú àyà á máa lù kìkì, èémí á yá, ẹ̀jẹ̀ á ya lọ sí itan àti apá, oúnjẹ tó wà nínú ikùn á dúró níbi tó dé, òógùn á bo àtẹ́lẹwọ́. Ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí Walter Cannon, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Amẹ́ríkà, ti ṣàlàyé pé ṣe ni ara ń múra láti jà tàbí láti sá. Ara ò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ejò tó wà lójú ọ̀nà oko àti àtẹ̀jíṣẹ́ tó wọlé láti ilé ìfowópamọ́. Ó dà bí ajá tó ń gbó gbogbo ẹni tó bá kọjá níwájú ilé: kò ṣe burúkú, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe, àmọ́ ẹni tó ni ilé gbọ́dọ̀ jáde wá wo ẹni tó ń bọ̀, kí ajá lè dákẹ́. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí, jíjáde wá wò ni.

Ohun kan wà tó máa ń dẹ́rù bani ju àyà jíjá fúnra rẹ̀ lọ. Tí èèyàn bá ń mí hẹlẹhẹlẹ fún ìgbà díẹ̀, atẹ́gùn tó yẹ kó kù díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ á ti jáde jù. Òòyì á kọ́ ọ, ètè àti ọmọ ìka rẹ̀ á máa ṣe bíi pé wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún wọn, á sì rò pé ikú ti dé. Èémí tó yá jù ló fà á, ó sì máa ń lọ tí èémí bá ti rọlẹ̀. Ìpayà ńlá tó dé lójijì sábà máa ń dé góńgó láàárín ìṣẹ́jú 10, lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ẹ jẹ́ kí èyí wà lọ́kàn yín. Ẹni tó mọ̀ pé ohun kan máa rọlẹ̀ kì í bẹ̀rù rẹ̀ bíi ti ẹni tí kò mọ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ àmì tó kọ́kọ́ máa ń fara hàn lára yín

Àmì yìí ò rí bákan náà lára gbogbo èèyàn. Èjìká ẹlòmíràn ló máa ń gbé sókè títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí. Ẹlòmíràn á máa wa eyín pọ̀ láìmọ̀. Ẹlòmíràn á ṣáà máa ṣí fóònù, á tún pa á dé, á tún ṣí i. Ní tiwa, orí ló sábà máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: orí á gbóná, á máa wúwo, tàbí kó máa ṣe bíi pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀. Ní 1960, Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó ti ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí ń gbóná, tí ojú wọn ń ṣú, tí ìwé tí wọ́n ń kà ò sì wọlé mọ́. Orí náà ń dùn wọ́n lóòótọ́. Ara ni àníyàn gbà sọ̀rọ̀ ní tiwọn.

Ẹ wá ìwé kékeré kan, kí ẹ kọ àmì méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ mọ̀ pé ó máa ń ṣáájú. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ kọ ọ́ ni pé àwọn ìgbésẹ̀ yòókù ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí àníyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Tó bá ti gun orí tán, ó ṣì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ á gba sùúrù.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹsẹ̀ àti ìjókòó

Tí ẹ bá rí àmì yẹn, ẹ má tíì ro ohunkóhun. Ẹ gbé àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀. Tí ilẹ̀ bá jẹ́ símẹ́ǹtì tàbí táìsì, tí àyè sì wà, ẹ bọ́ bàtà. Ẹ tẹ gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ bíi pé ẹ fẹ́ kí ojú ẹsẹ̀ yín hàn nílẹ̀, kí ẹ wá tẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀, kí ẹ tún dẹ̀ ẹ́. Ẹ kíyè sí bí ilẹ̀ ṣe tutù tàbí bó ṣe gbóná. Ẹ jẹ́ kí ìdí yín wúwo lórí àga, kí ẹ̀yìn yín fara ti ohun tó wà lẹ́yìn. Ẹ sọ èjìká kalẹ̀. Ẹ ya eyín òkè kúrò lára tìsàlẹ̀.

Kò ju ìdajì ìṣẹ́jú lọ. Àwọn kan máa ń fò ó torí pé ó rọrùn jù, wọ́n á fẹ́ sáré lọ síbi èémí. Lójú tèmi, òun gan-an ló yẹ kó ṣáájú, torí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kanlẹ̀ ló máa ń mí ní ìmíkúmìí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: èémí tó gùn níta ju inú lọ

Ẹ gbé ọwọ́ kan lé ikùn, lókè ìdodo. Ẹ fi imú fa èémí sínú jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ẹ máa kà á lọ́kàn: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ikùn ló yẹ kó gbé ọwọ́ yín sókè, kì í ṣe àyà. Ẹ wá tú u jáde láti ẹnu, bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná, kí ẹ kà á: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà. Ẹ má fi ipá tú u. Ẹ sinmi díẹ̀, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Tí kíkà yín bá rọra lọ bí ìṣẹ́jú àáyá, èémí mẹ́fà péré lẹ máa mí nínú ìṣẹ́jú kan. Ẹ ṣe é fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta.

Kí ló dé tí mo fi ní kí tìta gùn ju tinú lọ? Okùn iṣan kan wà tó ń jẹ́ vagus, tó ti ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀ gba ọrùn kọjá dé ọkàn àti ikùn. Nígbà tí a bá ń fa èémí sínú, ọkàn máa ń yára díẹ̀. Nígbà tí a bá ń tú u jáde, iṣan yẹn á dẹ eré ọkàn náà. Ẹ lè dán an wò fúnra yín: ẹ fi ìka méjì kan ọrùn ọwọ́ níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù, kí ẹ mí bí mo ṣe sọ. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, pàápàá àwọn ọ̀dọ́, ìyàtọ̀ náà hàn kedere lábẹ́ ìka.

Ẹni tó ní ásímà, tí àyà rẹ̀ ń fún, ẹ má fi kíkà yìí rọ́pò oògùn tí ẹ ń fà sẹ́nu o. Ẹ tún má dá àwọn tó ní kí ẹ máa mí sínú àpò bébà lóhùn, ó lè ṣèpalára. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti gbájú mọ́ èémí, ṣe ni ẹ̀rù ń pọ̀ sí i. Kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Kí wọ́n fi èyí sílẹ̀, kí wọ́n kọjá sí ìgbésẹ̀ kẹrin.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ojú márùn-ún, ọwọ́ mẹ́rin, etí mẹ́ta, imú méjì, ẹnu kan

Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ ká pẹ́ sí. Ẹ ó wá ohun márùn-ún tí ẹ rí, mẹ́rin tí ẹ lè fọwọ́ kàn, mẹ́ta tí ẹ gbọ́, méjì tí ẹ gbóòórùn, àti ọ̀kan tí ẹ tọ́ lẹ́nu. Àwọn èèyàn máa ń ṣe é bíi pé wọ́n ń ka orúkọ nínú ìwé: àga, tábìlì, fèrèsé, ó tán. Kò ní ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọkàn tó ń sáré lè ka àga àti tábìlì láì dúró. Ohun tó ń dá a dúró ni pé kí ẹ wo nǹkan náà títí ẹ ó fi rí ohun tí ẹ ò kọ́kọ́ rí lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ wà nínú dánfó lójú ọ̀nà Ìkòròdú, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti mú yín ní Maryland, aago mẹ́jọ àbọ̀ sì ni wọ́n ní kí ẹ dé ibi tí wọ́n ti fẹ́ fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò fún iṣẹ́. Àyà ti ń já. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ojú, kí ẹ máa sọ ọ́ nínú: Aṣọ ìnujú aláwọ̀ ewé tí dírẹ́bà fi kọ́ ọrùn, etí rẹ̀ kan ti ya. Bèbè fèrèsé tí ọ̀dà yẹ́lò ti bó lára rẹ̀, tí ìpẹtà hàn lábẹ́. Obìnrin tó wà níwájú dirun ṣùkú, ọ̀kan nínú rẹ̀ ti fẹ́ máa tú. Ọmọkùnrin tó gbé ẹ̀pà inú ìgò sórí, ó fi ìka kan péré di àtẹ náà mú. Òjìji afárá tó bọ́ sórí ọkọ̀, tó pín in sí méjì.

Ó wá kan ọwọ́: irin ìjókòó tó gbóná, okùn báàgì tó ní ojú rírán, àǹkárá tó dán lórí orúnkún, òrùka tó ṣe é yí. Etí: kọ̀ndọ́ tó ń ké "Ọjọ́ta, Kẹ́tù, Máìlì 12, ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o", ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó ń gbọ̀n, ẹnì kan tó ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù lẹ́yìn. Imú: èéfín ọkọ̀ akẹ́rù, bọ̀ọ̀lì tí wọ́n ń yan lẹ́bàá títì. Ẹnu: súìtì, omi, tàbí itọ́ lásán.

Tí ẹ bá débẹ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò tíì lọ. Ẹ ṣì lè pẹ́. Àmọ́ ẹ ó rí i pé ọwọ́ tí ò lè tẹ fóònù tẹ́lẹ̀ ti lè tẹ̀ ẹ́ láti sọ fún àwọn tó ń retí yín pé ẹ wà lójú ọ̀nà. Tí ojú bá ṣáà ń padà sára aago, ẹ má bá a wí. Ẹ kàn mú un lọ síbòmíràn, bí ìgbà mélòó tó bá gbà.

Ó ní ọ̀nà kúkúrú kan fún ẹni tó wà ní ìpàdé tàbí níwájú kóńtà: ẹ mú àwọ̀ kan, bí àpẹẹrẹ búlúù, kí ẹ wá gbogbo ohun tó ní àwọ̀ náà nínú yàrá. Òmíràn wà tó jẹ́ tiwa pátápátá. Ẹ ki ara yín. Ẹ pe orúkọ oríkì yín, Àjọkẹ́ o, Àkànní o, kí ẹ tẹ̀lé e pẹ̀lú oríkì orílẹ̀ yín bí ìyá àgbà ṣe máa ń kì í, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ẹ má fo ìlà kankan. Oríkì gba kí èèyàn rántí, ó gba èémí, ó sì ń sọ fún ẹni tí ẹ̀rù ń bà pé ẹnì kan ló bí i, ibì kan ló ti wá. Mi ò tíì rí kíkà nọ́ńbà tó tó o.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: omi tútù

Èyí wà fún ìgbà tí àyà bá ń já kọjá ohun tí èémí lè mú rọlẹ̀. Ẹ bu omi tútù sínú bàsíà, kí ẹ fi ojú bọ̀ ọ́ fún ìwọ̀nba tí ẹ lè dá èémí dúró láìṣe wàhálà, bí ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 20, kí ẹ gbé orí sókè, kí ẹ sinmi, kí ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Omi tútù lójú, pẹ̀lú èémí tí a dá dúró, máa ń jẹ́ kí ọkàn dẹ eré rẹ̀. Ìṣẹ̀dá ara ni, ó wà lára èèyàn àti ẹranko tó ń rì sínú omi. Ẹni tó bá ní àìsàn ọkàn, tàbí tí ọkàn rẹ̀ máa ń lù ségesège, kó má ṣe é láìbi dókítà léèrè.

Níbi tí kò ti sí bàsíà, píọ̀wọ́tà tó ti dì tó. Mo wà lọ́jà Bódìjà lọ́jọ́ kan nígbà tí ìyá kan tó ń ta tòmátì gba ìpè, wọ́n ní ọkọ̀ ẹrù rẹ̀ bàjẹ́ sọ́nà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọmọbìnrin tó ń ta omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ gba omi yìí mú, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì mú un." Lẹ́yìn náà ló gbé òmíràn lé ìyá náà lẹ́yìn ọrùn. Omi ń ro tótó sórí bùbá rẹ̀. Ọmọ náà kò sọ pé kó má ronú, kò wàásù fún un. Ó kàn ń bi í pé, "Ṣé ó tutù, Màmá? Ibo ló ti tutù jù?" Ìyá náà ní, "Ní àtẹ́lẹwọ́." Nígbà tó yá, ó na ọwọ́ mú fóònù, ó ní kí wọ́n bá òun wá mẹkáníìkì. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń ran ẹlòmíràn lọ́wọ́, kó wo ohun tí ọmọ yẹn ṣe: ó wà nísàlẹ̀ ojú ẹni tó ń bẹ̀rù, ó ní kó gba nǹkan mú kí ó tó fọwọ́ kàn án, ìbéèrè rẹ̀ sì kúrú.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí, àlùwàlá tí ẹ ń ṣe lójoojúmọ́ ti fún yín láyè láti ṣe èyí láìwá àkókò mìíràn: ẹ kàn jẹ́ kí ọkàn wà níbi tí omi ti ń kan ọrùn ọwọ́, iwájú orí, ẹsẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ sọ ohun tó jẹ́ òótọ́

Ẹ sọ ọ́ sókè tí ẹ bá dá wà: "Orúkọ mi ni báyìí. Òní ni Ọjọ́rú. Mo wà ní ìdí iṣẹ́ mi. Mo jókòó. Àyà mi ń já, ẹ̀rù owó ilé ló ń bà mí. Ní ìṣẹ́jú yìí, kò sí ẹni tó ń lé mi."

Mo mọ̀ pé gbólóhùn "ẹ̀rù ń bà mí" yìí máa ń ṣòro fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Wọ́n ti kọ́ wa pé ká má fi ẹnu wa sọ burúkú, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lára tẹ́lẹ̀ lẹ ń dárúkọ, ẹ ò pe ibi sórí ara yín. Dáfídì fúnra rẹ̀ sọ nínú Sáàmù 56 pé ẹ̀rù ń ba òun, kó tó sọ ẹni tóun gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹni tó ń sọ pé "kò sí ohun tó ń ṣe mí" nígbà tí gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ọpọlọ rẹ̀ mọ̀ pé irọ́ ni.

Ìgbésẹ̀ keje: ohun kan ṣoṣo tó kàn

Tí ara bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, ẹ mú ìwé. Ẹ kọ ohun tó ń já yín láyà sínú gbólóhùn kan. Ẹ wá bi ara yín pé kí ni mo lè ṣe nípa rẹ̀ lónìí tí kò ní gbà mí ju ìṣẹ́jú 10 lọ? Kó jẹ́ ohun tí a lè rí: kí ẹ pe lánlọ́ọ̀dù, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ fún oṣù kan sí i. Kí ẹ kọ orúkọ ẹni méjì tó lè yá yín lówó. Kí ẹ fi bébà ilé ìwòsàn sínú báàgì kí Ọjọ́bọ̀ tó dé. Tí kò bá sí ohun kankan tí ẹ lè ṣe lónìí, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ máa tún wò ó, kí ẹ pa ìwé náà dé. Ẹ má fo ìgbésẹ̀ yìí o. Ẹni tó ń mú ara rẹ̀ balẹ̀ lójoojúmọ́ tí kò sì pe lánlọ́ọ̀dù, àníyàn rẹ̀ á máa padà wá, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni.

Tó bá jẹ́ òru ni

Lórí ibùsùn, kò sí ohun púpọ̀ láti wò, nítorí náà iṣan ara ni ká lò. Edmund Jacobson, dókítà ará Amẹ́ríkà, ló gbé ọ̀nà yìí jáde, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ ní 1929. Ẹ dùbúlẹ̀ gbalaja. Ẹ ká ọmọ ìka ẹsẹ̀ mọ́ra, kí ẹ fún un fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, kí ẹ wá jọ̀wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ fi nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 15 kíyè sí bó ṣe ń rọ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ojúgun, itan, ìdí, ikùn, ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́, apá, èjìká, páárì ẹ̀rẹ̀kẹ́, iwájú orí. Ibi tó bá ń dùn yín tẹ́lẹ̀, ẹ fò ó. Ọ̀pọ̀ kì í dé iwájú orí kí oorun tó gbé wọn lọ. Tí ẹ bá ti wà lójúfò tó bí ogún ìṣẹ́jú, ẹ dìde, ẹ lọ jókòó síbòmíràn láì tan iná tó mọ́lẹ̀ jù, kí ẹ padà nígbà tí oorun bá ń kun yín. Fóònù kó má bá yín dìde.

Ẹ máa fi ṣe ara yín nígbà tí kò sí nǹkan

Ibí yìí ló ti ń dẹnu kọlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n á ka irú ọ̀rọ̀ báyìí, wọn ò ní fọwọ́ kàn án títí ọjọ́ tí ìpayà á fi dé, wọ́n á wá ní kò ṣiṣẹ́. Ara gbọ́dọ̀ ti mọ ọ̀nà náà. Ẹ so ìgbésẹ̀ kejì àti ìkẹta mọ́ ohun tí ẹ ń ṣe lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀: nígbà tí ẹ ń dúró kí omi hó, lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀ kí ẹ tó dìde, nígbà tí ẹ bá jókòó sínú ọkọ̀ kó tó gbéra. Ìṣẹ́jú mẹ́ta láàárọ̀ àti mẹ́ta lálẹ́ tó. Tí ẹ bá ń fọ abọ́, ẹ fọ abọ́: ẹ jẹ́ kí ọwọ́ mọ omi, kí etí gbọ́ kàn-ìn-kàn-ìn, kí ojú rí ìfófòó ọṣẹ. Ọkàn á rìn lọ, ẹ pè é padà. Pípè é padà yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà.

Àwọn kan máa ń bi mí bóyá ẹ̀sìn àwọn ará ìlà-oòrùn ni ọ̀nà yìí. Láti inú ìṣe àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ni apá kan rẹ̀ ti wá lóòótọ́, mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Jon Kabat-Zinn, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Amẹ́ríkà, ló mú un wọ ilé ìwòsàn ní 1979, ní yunifásítì Massachusetts ní Amẹ́ríkà, fún àwọn tí ìrora ń bá fínra, láìfi ẹ̀sìn kankan kún un. Ohun tí mo kọ síbí kò ní ẹbọ, kò ní orúkọ òrìṣà kankan. Èèyàn lè ṣe é kó tó kúnlẹ̀ gbàdúrà, àdúrà rẹ̀ á sì túbọ̀ jinlẹ̀, torí ọkàn rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ẹ tún wo ohun tí ẹ ń jẹ. Kọfí àti àwọn ohun mímu inú agolo tó ń múni ta kébé ní kaféìnì, èròjà tó lè mú kí àyà máa já, obì àbàtà àti gbànja náà ní in. Ẹni tó bá jẹ obì lórí inú òfìfo, tí kò sùn dáadáa, tí àyà rẹ̀ wá ń já, kó kọ́kọ́ jẹun ná.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ lọ rí dókítà

Tí àyà bá ń dunni bíi pé nǹkan wúwo jókòó lé e, tí ìrora náà ń ràn dé apá tàbí páárì ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ má ṣe ìgbésẹ̀ kankan nínú èyí. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Àìsàn gẹ̀gẹ̀ tó ń jẹ́ kí ara ṣiṣẹ́ jù, àìtó ẹ̀jẹ̀, àti ṣúgà tó lọ sílẹ̀ jù lára ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ náà lè mú kí àyà máa já, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló máa fi wọ́n hàn. Tí àníyàn bá ń wá ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ fún oṣù mẹ́fà, tí ẹ ò sùn, tí ẹ ń rù, tí ẹ ti ń sá fún ọjà, ọkọ̀ tàbí èèyàn nítorí rẹ̀, ó ti kọjá ohun tí ẹ lè dá ṣe. Ẹni tí ìṣẹ̀lẹ̀ burúkú bíi ìjínigbé tàbí ìjàǹbá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ sí, tó jẹ́ pé bó bá ti di ojú ló ń rí i padà, kó ṣe tirẹ̀ pẹ̀lú ojú lílà, kó sì wá ẹni tó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn.

Ìtọ́jú yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ wa. Ní 1954 ni Thomas Adéoyè Lambo, dókítà ọpọlọ, ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú èèyàn ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro, Abẹ́òkúta, tó jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí wọn ní àwọn abúlé àyíká. Aro ṣì wà níbẹ̀, Yábàá wà ní Èkó, ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà ní UCH ní Ìbàdàn, wọ́n sì ń rí àwọn tí àníyàn lásán ń dà láàmú lójoojúmọ́. Ní oṣù kìíní 2023 ni Buhari, ààrẹ Nàìjíríà nígbà náà, fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun tó rọ́pò òfin àtijọ́ tó ń pe aláìsàn ní wèrè. Ẹ̀yin tó wà ní England lè fúnra yín kọ orúkọ sílẹ̀ fún NHS Talking Therapies láìkọ́kọ́ rí dókítà. Tí èrò àtipa ara ẹni bá ń wá, ẹ má dá gbé e: ẹ sọ fún ẹni tó sún mọ́ yín lónìí, kí ó bá yín lọ sí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín jù. Ní Amẹ́ríkà, 988 ni kí ẹ pè. Ní Britain, 116 123 ti àwọn Samaritans, tọ̀sán-tòru.

Tí ẹ bá ń lọ, ẹ mú ìwé kékeré yẹn dání. Ẹ kọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sínú rẹ̀, iye ìgbà tó ń ṣe yín lọ́sẹ̀, ohun tó ń ṣáájú rẹ̀, bí ẹ ṣe ń sùn, àti èwo nínú àwọn ìgbésẹ̀ yìí ló ràn yín lọ́wọ́. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò lọ, àti àgbo pẹ̀lú, nínú ìgò rẹ̀.